Kálípà Honda tí kì í tú dísìkì sílẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde

Honda tòkunbọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì 250 ni máṣíìnì náà, dísìkì kan níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Kálípà iwájú, ìyẹn ẹ̀yà bíréèkì tó ń fi páàdì méjì fún dísìkì mú kí táyà lè dúró, ní písítìnì méjì, ẹ̀gbẹ́ kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà. Kálípà irú èyí kì í dúró gbári lójú kan. Bí písítìnì bá ti páàdì inú mọ́ dísìkì, ara kálípà fúnra rẹ̀ á sún lórí píìnì méjì tó gbé e dání, á sì fa páàdì ìta mọ́ra. Bí píìnì yẹn bá gan, páàdì kan á máa ṣiṣẹ́, èkejì á máa wòran.

Ẹni tó ni máṣíìnì, ẹ̀gbọ́n kan tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ síbi iṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè láràárọ̀, ní táyà iwájú ń há. Wọ́n ti pààrọ̀ páàdì níbòmíì, ó há. Wọ́n tún un pààrọ̀, ó tún há. Páàdì á jẹ tán lápá kan, apá kejì á sì ki bí wọ́n ṣe rà á. Kí wọ́n tó dé Òrù, dísìkì á ti gbóná débi pé omi tó bá kán sí i á hó ṣàà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Bá mi wá páàdì gidi, torí Ọlọ́run, kì í ṣe ayédèrú." Wọ́n sì fẹ́ kí n tètè ṣe é, torí Ojúde Ọba ti sún mọ́. Ẹni tó bá mọ ìlú wa lọ́jọ́ kẹta Iléyá mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó ní máṣíìnì ló lè pinnu ibi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà. Onímọ́tò kàn jókòó ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi páàdì sílẹ̀ ná."

Ta ló lẹ̀bi

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì léraléra títí táyà á fi há, kí ẹ wá tú nípùlù ara kálípà díẹ̀, ìyẹn bóòtù kékeré oníhò tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́. Bí ọ́ìlì bá ta jáde tí táyà sì tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kálípà kò jẹ̀bi: òkè ni wọ́n ti há ọ́ìlì mọ́. Ó lè jẹ́ ihò tíntínní inú másítà (ẹ̀yà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bíréèkì, tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà), èyí tó yẹ kí ọ́ìlì gbà padà sínú ike rẹ̀, ló dí. Ó sì lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó ti wú nínú, tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó gòkè. Bí ẹ bá wá tú nípùlù tí táyà ṣì há, ẹ yé wá ẹ̀sùn sí másítà lẹ́sẹ̀. Písítìnì tàbí píìnì ló gan.

Tiwa ta ọ́ìlì díẹ̀, táyà kò sì yí. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kálípà gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Mo ṣí ike másítà wò kí n tó ṣe ohunkóhun. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti ṣú, ìdọ̀tí sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ DOT 4, ìyẹn irú ọ́ìlì bíréèkì tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, gàdàgbà sára ìdérí. Òfin DOT 4 ni pé bó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Bó bá ti fa omi mu, 155°C lòfin fi sí fún un. Ti DOT 3 kéré sí i: 205°C àti 140°C. Ọ́ìlì wọ̀nyí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ ni, bí a tilẹ̀ dé wọn pa, nítorí omi ń gba ara họ́ọ̀sì wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí òjò kì í fi wá lọ́rùn sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ẹ lè fojú inú wo ohun tó wà nínú ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò dà nù láti ìgbà tí máṣíìnì ti dé láti òkè òkun. Omi inú ọ́ìlì yìí ló ń jẹ irin àti àlùmíníọ̀mù, kálípà ló sì wà nísàlẹ̀ jù, tí gbogbo ẹ̀gbin ń rọ̀ sí.

Títú u

Ẹ má yọ kálípà kúrò lára fọ́ọ̀kì kí ẹ tó dẹ àwọn bóòtù rẹ̀. Ibi tó wà yẹn ni ẹ ti lè rí agbára fi mú un. Mo kọ́kọ́ fi sikurudíráfà fífẹ̀ tú ìdérí kékeré tó bo píìnì páàdì, mo wá fi áléńkì onímìlímítà 5 dẹ píìnì náà gan-an. Mo dẹ bóòtù oníhò tó di họ́ọ̀sì mú, mo sì rọra dè é padà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kálípà tó sọ̀.

Páàdì jáde. Èyí tó wà nínú ti jẹ dé irin lápá kan. Apá tó jẹ yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé písítìnì kan ló ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀yìn ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni písítìnì tó dáa wà.

Ọmọṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ọwọ́ bíréèkì jẹ́jẹ́ kí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ti àwọn písítìnì jáde. Ọ̀kan ń bọ̀, èkejì kò mira. Mo fi pákó àti kíláàpù há èyí tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀ kí gbogbo agbára lè lọ sára ọ̀lẹ. Kò gbọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i?"

Mo ní rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn máa ń kó ara jọ sẹ́yìn písítìnì ni, ọjọ́ tó bá sì já, á fò jáde bí ọta ìbọn. Ìka ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ kò ní bá a dọ́gba. Gíríìsì kì í fò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ògbólógbòó bóòtù họ́ọ̀sì kan, mo gbé e lọ bá wẹ́dà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, ó sì jó ẹnu gíríìsì kan mọ́ orí rẹ̀. Ẹsẹ bóòtù, ìyẹn ìlà tó yí i ká, ti kálípà Honda yìí jẹ́ M10 × 1.25 (bóòtù fẹ̀ ní mìlímítà 10, ìlà kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 1.25), àwọn ti Ítálì kan sì wà tó jẹ́ M10 × 1.0, ẹ rí i dájú kí ẹ tó dè é, torí ẹsẹ tó bá ti jẹ nínú àlùmíníọ̀mù, owó kálípà mìíràn nìyẹn. A ti nípùlù pa, a de bóòtù náà sí ojú ihò họ́ọ̀sì, a sì ń fi gọ́ọ̀nù gíríìsì fún un díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ kan bí ẹni pé a ń fún ògiri. Lẹ́yìn náà ni ẹnu písítìnì tàn yọ, eruku pupa já bọ́ létí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ó ń yọ́ bọ̀ láìpariwo, títí ó fi bọ́ sínú àkísà. A tú kíláàpù, a fún èkejì náà jáde.

Lóòótọ́, gíríìsì yìí ń ba rọ́bà bíréèkì jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn rọ́bà àtijọ́ kò ní padà síbẹ̀. Ohun tó kàn ni pé ká fọ gíríìsì náà kúrò pátápátá, títí dé inú ihò tó lọ láti písítìnì kan sí èkejì.

Kòtò rọ́bà

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn ń wo páàdì, wọ́n ń wo písítìnì, wọ́n ń ra rọ́bà tuntun, wọ́n á sì kì í bọ inú kòtò ẹlẹ́gbin. Lójú tèmi, ẹni tó bá pààrọ̀ rọ́bà kálípà láì ha kòtò tí rọ́bà jókòó sí, ó kàn náwó ni. 

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Inú ihò písítìnì kọ̀ọ̀kan ní kòtò méjì tó yí ká. Rọ́bà tó nípọn wà nínú èyí tó jìn jù, òun ló ń mú ọ́ìlì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́nu, òun ló ń dá eruku dúró. Kálípà kò ní sípíríìnì kankan tó ń fa písítìnì padà. Rọ́bà tó nípọn yẹn ló ń ṣe é. Bí a bá tẹ bíréèkì, písítìnì á jáde, rọ́bà tó di ara rẹ̀ mú á sì tẹ̀ lé e díẹ̀, á wọ́ sí etí kòtò, torí wọ́n ti gé etí náà ní dídà fún un. Bí a bá tú ọwọ́, rọ́bà á padà sí bó ṣe wà, á sì fa písítìnì sẹ́yìn. Ìfàsẹ́yìn yìí kò tó ìlàjì mìlímítà, òun náà sì ni gbogbo àyè tó wà láàárín páàdì àti dísìkì.

Wàyí o, bí àlùmíníọ̀mù inú kòtò bá ti jẹra, kì í dípẹtà bí irin. Ó máa ń yọ ohun kan jáde tó funfun tó sì le. Nǹkan yẹn á máa ga lábẹ́ rọ́bà, á máa ti rọ́bà mọ́ písítìnì lára, títí rọ́bà ò fi ní ráyè wọ́ mọ́. Ó kàn di písítìnì lọ́rùn mú. Ẹ lè fi rọ́bà tó wọ́n jù lágbàáyé síbẹ̀, yóò há náà ni.

Orín àtà ni mo fi ń ha kòtò. Mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ kó bá fífẹ̀ kòtò mu. Ó le tó láti ká ẹ̀gbin, kò sì le tó láti fá àlùmíníọ̀mù. Sikurudíráfà kò dáa fún iṣẹ́ yìí rárá. Ojú kan tó bá fà, ibẹ̀ ni ọ́ìlì á ti máa jò. Sípírítì díẹ̀, orín díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín díẹ̀, ká tún nu ún. Iṣẹ́ tó gbà wá lákòókò jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Kòtò òkè ti èyí tó gan fún wa ní ẹ̀gbin tó kún èékánná. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi ti ìka bọ inú ihò, kó fi èékánná yí kòtò ká. Ibi tó bá ti kọlu nǹkan, kó tún un ha. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ń yọ̀ láìkọsẹ̀.

Ó wá bi mí ìdí tí a kò fi lo pẹntiróòlù, tó jẹ́ pé òun la fi ń fọ gbogbo nǹkan yòókù. Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo ní kó mú rọ́bà àtijọ́ méjì tó rí bákan náà. A sọ ọ̀kan sínú ìdérí ìgò tí pẹntiróòlù wà nínú rẹ̀, a sọ èkejì sínú ọ́ìlì bíréèkì, a dé wọn, a lọ sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a kó méjèèjì lé ara wọn. Ti inú ọ́ìlì bíréèkì wà bó ṣe wà. Ti inú pẹntiróòlù ti fẹ̀ débi pé ó yọ síta yí èkejì ká, ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Kẹrosíìnì, dísù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gíríìsì bẹ́árìn, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, ọ̀tá rọ́bà bíréèkì sì ni wọ́n. Sípírítì àti ọ́ìlì bíréèkì fúnra rẹ̀ nìkan ni mo gbà láyè.

Písítìnì

Mo fi fáníà, irin ìwọ̀n wa, wọn písítìnì, ó fún mi ní mìlímítà 27. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ dán, kò lábùkù. Èyí tó gan ti ṣí kúróòmù lára níbi tí rọ́bà ń gbà kọjá, ihò wẹ́wẹ́ sì ti lu irin. Ìdọ̀tí ojú lásán ni a lè fi sáńpépà 2000 àti ọ́ìlì bíréèkì pa rẹ́. Bí kúróòmù bá ti ṣí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ẹ̀gbọ́n dábàá pé kí tọ́nà gbẹ́ òmíràn fún wa níhìn-ín. Tọ́nà wa mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ti gbẹ́ búṣì tó pọ̀ fún mi. Àmọ́ ẹnu ọ̀bẹ tọ́nà máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára irin, ìlà yẹn á sì máa gé rọ́bà nígbàkúùgbà tí a bá tẹ bíréèkì. Mo ní ká ra tuntun. A rí i gbà láti Èkó pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Àwọn tó súnmọ́ ìlà-oòrùn á rí irú rẹ̀ ní Nnewi, níbi tí ọjà páàtì máṣíìnì pọ̀ sí. Mo pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Píìnì kálípà kò le. Ọ̀kan gan nítorí pé rọ́bà tó bò ó ti ya, yanrìn sì ti wọlé. Mo fọ ọ́, mo fi rọ́bà ìbòrí tuntun sí i, mo fi gíríìsì sílíkóònù pa á. Bí a bá fi ọwọ́ tì í, ó gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ láìrojú.

Dídá a padà

Ọ́ìlì bíréèkì tuntun ni mo fi pa rọ́bà, ihò àti písítìnì. Rọ́bà tó nípọn kọ́kọ́ wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, mo sì fi ìka yí wọn ká láti mọ̀ pé kò sí ibi tó lọ́. Àtàǹpàkò méjèèjì ni mo fi ti písítìnì wọlé. Ó wọ ṣinrin. Bó bá jẹ́ pé òòlù tàbí kíláàpù ló máa gbà kó tó wọlé, ẹ fà á yọ. Písítìnì ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí rọ́bà ti yí lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́ṣà bàbà méjì ló wà ní ẹnu họ́ọ̀sì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mi ò rí èyí tó bá a mu rà kíákíá, nítorí náà mo gbé ti àtijọ́ sórí iná gáàsì títí tó fi pọ́n, mo sì jẹ́ kó tutù. Bàbà tó bá ti jẹ iná máa ń rọ̀ padà, á sì lẹ̀ dáadáa. Tuntun ló dáa jù bó bá wà. Mo de bóòtù họ́ọ̀sì ní 34 N·m, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń de bóòtù, àwọn bóòtù kálípà ní 30.

Dísìkì: wọ́n tẹ "MIN TH 3.5 mm" sí i lára, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 3.5 lọ. Tiwa ṣì nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi gbogbo tí mo wọ̀n. Mo fi sípírítì nù ún, mo sì kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ọlọ́ràá kàn án mọ́.

Ọ́ìlì tí mo dà sí i jẹ́ DOT 4, ike tí rọ́bà abẹ́ ìdérí rẹ̀ ṣì wà pinpin. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣí tó ń gba afẹ́fẹ́ lórí tábìlì, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ sì ṣọ́ra fún DOT 5: sílíkóònù ni, kò bá DOT 3 àti DOT 4 pọ̀. DOT 5.1 lè bá wọn pọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n.

Yíyọ afẹ́fẹ́ kò ní àdììtú, sùúrù ló ń gbà. Ọmọṣẹ́ á tẹ ọwọ́ bíréèkì, á dì í mú. Èmi á tú nípùlù, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á gba rọ́bà funfun jáde sínú ìgò. Èmi á dè é pa, kó tó tú ọwọ́. Ẹni tó bá tú ọwọ́ kí nípùlù tó ti, afẹ́fẹ́ ló fà padà yẹn. Ká sì máa bojú wo ike òkè kó má gbẹ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá ọ́ìlì jáde mọ́, ọwọ́ bíréèkì ṣì rọ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há síbi tí họ́ọ̀sì ti tẹ̀ lábẹ́ másítà ni. Mo fi rọ́bà tíúbù so ọwọ́ bíréèkì mọ́ háńdù pinpin di òwúrọ̀. Afẹ́fẹ́ náà gòkè fúnra rẹ̀, ọwọ́ bíréèkì sì le koko lójú ọ̀nà tó yẹ kó le. Ọ́ìlì kán sórí táńkì nígbà kan. Omi la sáré dà sí i, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà.

Lójú ọ̀nà

Nínú ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ bíréèkì, mo tú u, mo fi ìka kan yí táyà. Ó yí. Mo gùn ún gba ọ̀nà Òrù, mo ń sáré dé 50, mo ń fà á wá sí nǹkan bí 15 láìdúró pátápátá, mo sì ń jẹ́ kó tutù kí n tó tún ṣe é, kí páàdì tuntun àti dísìkì lè mọ ara wọn. Nígbà tí mo dé Òrù, mo kán omi sí dísìkì. Omi ṣàn kọjá, kò hó.

Ẹ̀gbọ́n gùn ún lọ, wọ́n gùn ún bọ̀, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Mo sọ fún ẹ, àbí mi ò sọ? Páàdì tí ẹ fi sí i yìí, òun gan-an ni gidi." Mo gbé písítìnì àtijọ́ lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi èékánná yí i. Wọ́n yí i, wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n sì ní ká jọ ṣírò owó.

Rọ́bà inú másítà la kò tíì fọwọ́ kàn. Kò tíì jò, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé bí Ojúde Ọba bá ti kọjá, kí wọ́n gbé e padà wá; bí a bá ti ń ṣe ìyẹn, họ́ọ̀sì náà á bá a lọ. Láti ìgbà náà lọ, ọdún méjì-méjì ni kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì, yálà ó ṣú tàbí kò ṣú.